Omi àti Òkè Ilẹ̀ Wa: Ẹ Jẹ́ Ká Lọ Wò Ó Kó Tó Bàjẹ́

 

Ẹ gbọ́ ná. Lẹ́yìn owó bébà ogún yuan ti ilẹ̀ Ṣáínà, odò ni wọ́n yà síbẹ̀. Odò Li ni orúkọ rẹ̀, àwọn òkè ṣóńṣó-ṣóńṣó ló yí i ká. Láti Guilin dé Yangshuo, kìlómítà 83 ni, àwọn àlejò máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti wò ó. Oníresì ń tà, aláṣọ ń tà, onífìlà ń tà. Omi kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo wọn.

Ta ló ní a kò ní irú ẹ̀? Láti Ìpẹrindó níbí, ẹ wọ mọ́tò dé Iléṣà, ẹ gba ọ̀nà Àkúrẹ́, ẹ ó yà sí Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ibẹ̀ ni omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Ipele méje ni. Ẹ̀ẹ̀kínní rọrùn fún àgbà, àmọ́ bí ẹ bá ti ń gòkè, ẹsẹ̀ yóò sọ̀rọ̀! Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, torí òkúta ń yọ̀ lásìkò òjò. Ìtàn ìlú sọ pé obìnrin ló rí omi náà, Akinla, láti ìdílé Odùduwà. Ṣé ẹ rí i pé obìnrin ti ń ṣíwájú tipẹ́?

Òṣogbo ló kàn. Igbó Ọ̀ṣun wà létí odò níbẹ̀, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, wá láti Austria, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ló jà kí wọ́n má gé igbó náà. Ó kú ní 2009. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé lóṣù kẹjọ, ẹni tó ń ta àkàrà pàápàá á mọ̀ pé àlejò dé.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí nìyí o. Omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù kiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń fọ iyẹ̀pẹ̀ sínú odò kéékèèké, ìyẹn ló sì ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ fún aráàlú kí wọ́n má mu omi náà. Góòlù dára, àwa náà ń ta á, a ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n góòlù tí wọ́n wà lónìí kò ní sí níbẹ̀ lọ́la, omi ni àwọn ọmọ wa yóò máa bá níbẹ̀. Ẹni bá gbẹ́ ilé ìyá rẹ̀ tà, níbo ni yóò sùn?

Ẹ bá àwọn ọmọ yín tó ń wa góòlù sọ̀rọ̀ nílé, kí wọ́n má fọ̀ ọ́ nínú odò. Ẹ má da náílọ́ọ̀nù sómi. Kí ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọba àti kánsù.

Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ lọ Erin lẹ́yìn òjò, kó wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Owó mọ́tò la ó dá, oúnjẹ á wà.