Ṣé òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì tó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún ṣì lè di nọ́ọ̀sì? Ohun tó yẹ kí ará Alápòtí àti Ọ̀tà mọ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Alápòtí, ojú ọ̀nà ti kún. Àwọn kan ń gba Lùsàdà lọ sí Àgbárá, àwọn kan ń wá ọkọ̀ Àtàn, Ọ̀tà àti Sàngó, gbogbo wọn ń sáré kí ṣíìfù òwúrọ̀ má baà wọlé kí wọ́n tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀ gbà. Kàṣúà ni wọ́n, abẹ́ alágbàṣe ni wọ́n wà, ọjọ́ tí wọn ò bá sì pè wọ́n, owó ọjọ́ náà lọ nìyẹn.

Ẹnu irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti ń jáde: ṣé ó ti pẹ́ jù fún mi láti lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Ẹni ọdún 32 ń béèrè, ẹni ọdún 38 ń béèrè, abiyamọ tí àkọ́bí rẹ̀ ti wọ JSS náà ń béèrè. Ohun tó ń lé wọn kò fara sin. Lọ́dún 2023 nìkan, Unilever, tó ní ilé iṣẹ́ ní Àgbárá, kéde lóṣù kẹta pé òun kò ní ṣe OMO, Sunlight àti Lux mọ́ ní Nàìjíríà. Lóṣù kẹjọ, GlaxoSmithKline ní òun ń kógbá sílé. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Procter & Gamble ní òun kò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́, pé òun yóò kàn máa kó o wọlé láti òkè òkun ni. Ẹni tó bá ti rí bí kọ́ńpìnnì ṣe ń tìlẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa iṣẹ́ tí aráyé kò lè ṣe kí wọ́n má nílò rẹ̀.

Kò tíì pẹ́. Ọjọ́ orí tó kéré jù ni JAMB ń ṣọ́, ọdún 16 sì ni. Kò sí iye ọdún tí àgbàlagbà yóò pé tí wọn yóò ní kó dìde nídìí ìdánwò. Ohun tó ń dá àgbà dúró lójú ọ̀nà yìí ni ìwé mẹ́wàá tí kò ní sáyẹ́ǹsì nínú, oúnjẹ ilé fún ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, àti àwọn tó ń ta ọ̀nà ẹ̀bùrú fáwọn tí ojú ń kán.

Tíṣà tó di nọ́ọ̀sì

Lára àwọn nọ́ọ̀sì tí orúkọ wọn lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ yìí, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ló kọ́kọ́ ṣe. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, tí ìdílé Scott bí ní Èkó lọ́dún 1915, fẹ́ di nọ́ọ̀sì nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ilé kò gbà fún un. Ó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní United Missionary College, Ìbàdàn, ó sì kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní CMS Girls' School, Èkó. Ó lọ́kọ lọ́dún 1941. Ọdún 1946 ló wá lọ sí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì Nightingale ní ọsibítù St Thomas' ní London. Ẹni ọdún 31 ni nígbà náà. Obìnrin tó ti dúró níwájú kíláàsì fún ọdún mélòó kan tún jókòó láti gbọ́ ẹ̀kọ́, láàárín àwọn ọmọdébìnrin aláwọ̀ funfun tí kò tó o lọ́jọ́ orí. Aláìsàn kan tilẹ̀ kọ̀ pé nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun.

Ó parí ẹ̀kọ́ náà. Ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ nínú ètò ìlera ìjọba Bìrìtìkó, ìyẹn NHS, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1948. Ọdún 1954 ló padà wálé wá ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, ọdún 1964 sì ni ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó di ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ní iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, ó gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Red Cross àgbáyé lọ́dún 1973, ọdún náà sì ni ó di kọmíṣọ́nnà ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ló ṣe gbogbo èyí. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń fi ọjọ́ orí dẹ́rù ba ara wọn mọ orúkọ yìí.

Kí ni Físíìsì ń ṣe lọ́rọ̀ aláìsàn?

Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1979 gbé kalẹ̀, ní kírẹ́díìtì márùn-ún ni kí èèyàn mú wá, ìjókòó méjì ó pọ̀ jù: Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàólọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń pín gààrí pẹ̀lú ìrètí wọn. Ẹni tó ṣe kíláàsì ọ̀rọ̀ ajé nílé ìwé girama ní kírẹ́díìtì nínú Kọ́mẹ́ẹ̀sì àti Àkáǹtì, kò sì rí Físíìsì sójú rí. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé kí ni ti Físíìsì nínú fífọ egbò àti gígún abẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí aláìsàn gba omi dírípù lítà kan láàárín wákàtí 8. Lítà kan jẹ́ mìlílítà 1,000. Bí irú okùn dírípù tó wà lọ́wọ́ bá ń kán ẹ̀kán 20 fún mìlílítà kan, a jẹ́ pé ẹ̀kán 20,000 ni omi náà. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Pín in, wàá rí i pé ẹ̀kán bíi 42 ni ó gbọ́dọ̀ máa kán láàárín ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì ni yóò dúró ti aláìsàn, tí yóò wo aago, tí yóò máa ka ẹ̀kán, tí yóò sì yí kẹ̀kẹ́ kékeré ara okùn náà títí yóò fi bọ́ sípò. Bí ó bá sáré jù lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, omi yóò ya wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, mímí yóò sì di ìṣòro fún un.

Omi tó wà nínú àpò yẹn gan-an, Kẹ́místírì ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní normal saline ní iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà kan, nítorí pé ìwọ̀n yẹn bá ti inú ẹ̀jẹ̀ mu dé ibi tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kò fi ní wú tàbí kó súnkì. Bí o bá fi omi lásán rọ́pò rẹ̀ nínú iṣan, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà yóò fa omi mu títí wọn yóò fi bẹ́. Ẹ̀rọ tí a ń dì mọ́ apá láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe pọ̀ tó, Físíìsì ni. Ìgbìmọ̀ kò fi sáyẹ́ǹsì síbẹ̀ láti lé ẹnikẹ́ni padà.

Ọ̀nà àbáyọ wà. WAEC ń ṣe GCE fún àwọn tí kò sí nílé ìwé mọ́, NECO náà ń ṣe tirẹ̀. Ìdánwò mẹ́ta nínú márùn-ún náà ní ìbéèrè lórí iṣẹ́ ọwọ́ ṣíṣe, ìyẹn praktíkà, nítorí náà kíka ìwé nínú yàrá kò tó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù gbọ́dọ̀ wá ibi lẹ́sìn tó ní yàrá sáyẹ́ǹsì tó ṣeé lò, kódà bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni àyè yóò yọ. Mo gba ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì bọ́ níyànjú pé kó ṣe apá yìí nígbà tó ṣì ń gbowó oṣù. Apá kan ṣoṣo tó ṣeé pa pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ni.

Ọdún mẹ́rin sí márùn-ún láìsí owó oṣù

Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, ọ̀nà pín sí méjì. Yunifásítì ń gba ọdún 5, bíi ti Olabisi Onabanjo University tàbí Babcock tó wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì ti kúrò ní ètò ọdún 3 àtijọ́, wọ́n ń bọ́ sí ND àti HND, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọdún 4. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní tirẹ̀ ní Ìdí-Abà l'Ábẹ́òkúta, ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ìlaró. Ìlaró ló sún mọ́ ará Adó-Odò àti Alápòtí jù. Ọsibítù Sacred Heart ní Láńtòrò, tí àwọn Kátólíìkì dá sílẹ̀ lọ́dún 1895, ní ilé-ìwé nọ́ọ̀sì pẹ̀lú.

Kò sí èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ nìkan nínú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ pé National Open University, NOUN, ní dìgírì nọ́ọ̀sì, wọ́n sì rò pé àwọn lè máa ṣiṣẹ́ kí wọ́n máa kàwé lórí fóònù. Òótọ́ ni pé ó ní i, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ti gba ìwé àṣẹ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí kò tíì jẹ́ nọ́ọ̀sì rárá kò lè gba ibẹ̀ di nọ́ọ̀sì. Ìdí rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo ọ̀pọ̀ wákàtí nínú wọ́ọ̀dù, lọ́sàn-án àti lóru, lábẹ́ ojú àwọn tó mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tún ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé inú ọgbà.

Báwo wá ni abiyamọ tó ń gbé yàrá kan ní Alápòtí yóò ṣe é? Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ibí ló ti le jù. Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NELFUND, tí òfin rẹ̀ di títún ṣe lóṣù kẹrin ọdún 2024, kò ní èlé lórí, ẹni tó bá sì wọ yunifásítì ìjọba lè béèrè fún un. Ó ń san owó ilé-ìwé, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, ₦70,000, kò tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ó tó ọ̀dọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bọ́. Kò tó ẹni tó ní ọmọ méjì àti owó ilé láti san. Ohun tí àwọn tó bá rọ́nà gbà máa ń gbára lé ni àjọ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ṣáájú, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọkọ tàbí aya tó gbà láti dá gbé ẹrù ilé, àti ìyá àgbà tó máa gba ọmọ. Mo gbà pé ìjọba ìpínlẹ̀ tó ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí lè ṣe ju báyìí lọ: ibi ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ọgbà, àti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ fún àgbà tó bá fọwọ́ sí i pé òun yóò sìn ní àgọ́ ìlera ìgbèríko lẹ́yìn náà. Abúlé ibi tí wọn ò ti rí nọ́ọ̀sì pọ̀ láàárín Adó-Odò àti Ìgbẹsà.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀gísílárì

Yí Sàngó àti Ọ̀tà ká, wàá rí pátákó lára ògiri ilé ìwòsàn aládàáni: wọ́n ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, kò sí JAMB, kò sí sáyẹ́ǹsì. Ọ̀gísílárì ni wọ́n ń pè é. Àgbà tí àkókò ń lé máa ń fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó yá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì kò mọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá parí rẹ̀ kò lè gba ìwé àṣẹ, ọsibítù ìjọba kò lè gbà á gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, bó bá sì ń pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, ó ti rú òfin. Èyí tó burú jù ni pé wọn yóò kó abẹ́rẹ́ àti dírípù lé e lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó mọ ìṣirò ẹ̀kán tí a ṣe lókè yẹn. Aládùúgbò wa ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà.

Ẹni tí ọ̀nà nọ́ọ̀sì bá ga jù fún ní ọ̀nà òtítọ́ mìíràn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Ìlésè-Ìjẹ̀bú ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí a mọ̀ sí CHEW. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tiwọn, wọ́n ní ìwé àṣẹ, àwọn ló sì ń di àgọ́ ìlera abẹ́lé mú.

Ti ayé ńkọ́?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kọ ọ́ lọ́dún 2025 pé nọ́ọ̀sì mílíọ̀nù 29.8 ló wà láyé lọ́dún 2023, àti pé mílíọ̀nù 5.8 ló kù tí kò sí. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi ń ṣí ọ̀nà kíákíá fún àgbà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti ní dìgírì nínú nǹkan mìíràn lè kọ́ nọ́ọ̀sì láàárín ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀. Ní England ọdún méjì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ṣe iṣẹ́ báńkì tàbí tíṣà nílé ló ti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó bọ́ sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nọ́ọ̀sì tí Nàìjíríà kọ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé Bìrìtìkó ti ju 10,000 lọ. Ẹni tó bá jẹ́ torí àtijápa ló ṣe fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti oṣù kẹta ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ ti ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún méjì lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ, kí òun tó jẹ́rìí rẹ̀ fún àwọn ará òkè òkun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ẹni ọdún 35 tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn GCE lọ́dún yìí. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, yóò wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 36 tàbí 37, yóò sì parí ní 40 tàbí 41. NYSC kò ní mú un, torí òfin yọ ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún nígbà tó jáde kúrò. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un. Bí ó bá rí iṣẹ́ ìjọba, tó sì fẹ̀yìntì ní 60, yóò ti ṣe ọdún bíi 19 nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ rẹ̀ yóò máa di títún ṣe lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ó tó san kọ́bọ̀ kan fún ilé-ìwé èyíkéyìí, kó lọ wo àkójọ àwọn ilé-ìwé tí Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tí Ìgbìmọ̀ yọ̀ǹda fún ilé-ìwé náà lọ́dún kan. Ilé-ìwé tó bá gba èèyàn ju iye yẹn lọ kò ní rí orúkọ àwọn tó lé náà fi sínú ìwé Ìgbìmọ̀, bí wọ́n bá tiẹ̀ ti san owó tán.