Pákó àti Igi Ìdáná Tí Omíyalé Rẹ: Ẹ Jẹ́ Kó Gbẹ

Ẹ̀yin ará wa, bí omi ṣe ń fà yìí, a mọ̀ pé ẹ fẹ́ tètè tún ilé yín ṣe. Àmọ́ ẹ má ṣe kánjú kan pákó tó ṣì tutù.

Ìwádìí àwọn onímọ̀ nípa igi fi hàn pé bí omi inú igi bá ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ lọ, igi náà lè jẹrà. Ẹ to pákó yín sórí bíríkì, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa kọjá. Ẹ bo orí rẹ̀ nítorí òjò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Èyí tí ìṣó bá ń wọ̀ wẹ́rẹ́ ti jẹrà. Ẹ má ṣe fi kan òrùlé.

Bí igi ìdáná bá tutù, omi inú rẹ̀ ni iná á kọ́kọ́ máa gbẹ. Ìkòkò kò ní tètè hó, èéfín á sì pọ̀. Ẹ sá a dáadáa kí ẹ tó lò ó.

Ẹ má ṣe fi pákó ọlọ́dà tàbí èyí tí wọ́n fi oògùn ikán sí dáná: májèlé wà nínú èéfín àti eérú rẹ̀.

Ẹ má sì gbé àdògán eléèédú wọ yàrá. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.