Ta Ló Ń Sanwó fún Ẹni Tó Ṣe Áàpù?

Nígbà tí wọ́n ta kajú tán lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ pè mí lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti gba ìwé ẹ̀rí bac ní kí bàbá òun yọ nínú owó kajú náà ra kọ̀ǹpútà fún òun. Iṣẹ́ áàpù fóònù ló lóun fẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní: “Àbúrò, gbogbo áàpù tó wà lórí fóònù mi yìí, ọ̀fẹ́ ni mo gbà wọ́n. Bí èmi ò bá sanwó, tí ìwọ náà ò sanwó, ta ni yóò wá sanwó fún ọmọ mi?”

Ìbéèrè ẹni tó ń fi òógùn ojú rẹ̀ jẹun nìyẹn, mo sì ṣèlérí pé n ó dá a lóhùn dáadáa. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí ní Kétu, Pọ̀bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ni ọmọ wọn ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìdáhùn náà síbí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí WhatsApp bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí oníṣòwò tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkùnrin méjì tó ti ṣiṣẹ́ rí ní iléeṣẹ́ Yahoo, Jan Koum àti Brian Acton, ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2009. Wọn ò fẹ́ ìpolówó ọjà nínú rẹ̀ rárá. Dọ́là kan lọ́dún ni wọ́n fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ò tilẹ̀ san án rí. Ní 2014, Facebook rà á ní nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 19. Ní 2016, wọ́n fagi lé dọ́là kan náà. Lónìí, àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń fi WhatsApp ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn ń sanwó. Nítorí náà, ẹnì kan ń sanwó. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe áàpù tó sì gbójú lé e pé Facebook yóò wá rà á, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Ìpolówó ọjà ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń kọ́kọ́ rò. Ẹ ti rí i rí: ẹ ń ṣe eré lórí fóònù, àwòrán ọṣẹ kan a sì yọ lójijì. Ọlọ́ṣẹ sanwó fún Google, Google yọ tirẹ̀, ó fún ẹni tó ṣe eré náà ní ìyókù. Ọkùnrin kan ní Hanoi, ní orílẹ̀-èdè Vietnam, Dong Nguyen, ṣe eré kékeré kan jáde ní 2013 tó pè ní Flappy Bird: ẹyẹ kan tó ń fò gba àárín páìpù. Ọjọ́ mélòó kan ló fi ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sẹ́ni tó kà á sí. Nígbà tí 2014 wọlé, gbogbo ayé ń ṣe é. Ó sọ fún oníròyìn pé ìpolówó inú rẹ̀ ń mú nǹkan bíi dọ́là 50,000 wọlé lójúmọ́. Ó lé ní ogún mílíọ̀nù fráǹkì wa nígbà náà. Ní oṣù kejì ọdún náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ eré náà kúrò, ó ní àwọn ènìyàn ti sọ ọ́ di bárakú.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló ń wú àwọn ọmọ wa lórí. Ohun tí wọn kì í gbọ́ ni pé ìpolówó fẹ́ èrò rẹpẹtẹ. Ká ní, fún àpẹẹrẹ, wọ́n ń san 300 fráǹkì bí ìpolówó bá jáde ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Google kì í fi owó ránṣẹ́ àfi tó bá pé dọ́là 100, bíi 60,000 fráǹkì. Ẹ fi ìṣirò ọjà ṣe é: ó gbọ́dọ̀ jáde ní ìgbà 200,000 kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó máa ń dá àwọn ọmọ ìgbèríko dúró. Nígbà tí owó bá pé dọ́là 10, Google máa ń fi lẹ́tà gidi ránṣẹ́, tí nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ibi tí ènìyàn kọ sílẹ̀ ló ń gbé lóòótọ́. Ilé tí kò ní nọ́ńbà, òpópónà tí kò ní orúkọ, báwo ni lẹ́tà yóò ṣe débẹ̀? Ẹni tó gbọ́n a ti wá àpótí sí ilé póòsì kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa tẹ ìpolówó náà kí owó lè pọ̀. Bí Google bá mọ̀, á ti àkáǹtì pa, owó inú rẹ̀ á sì bá a lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni kí ènìyàn ta áàpù fúnra rẹ̀, tàbí kó fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó wá máa ta nǹkan nínú rẹ̀: ẹ̀mí púpọ̀ sí i fún ẹni tó ń ṣe eré, ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ sí i, tàbí kó máa gba owó oṣooṣù. Ní 2008, ọdún tí Apple ṣí ilé ìtajà áàpù rẹ̀, ọmọ Jámánì kan gbé áàpù kan síbẹ̀ tó pè ní I Am Rich, ìyẹn “Ọlọ́rọ̀ ni mí”. Dọ́là 999.99 ni iye rẹ̀. Òkúta pupa kan tó ń dán ló máa ń hàn lójú fóònù, kò wúlò fún nǹkan míì. Ènìyàn mẹ́jọ rà á kí Apple tó yọ ọ́. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ì bá máa yà sí ọjà Ouando!

Ẹni tó bá tajà níbẹ̀ yóò san owó ìṣọ̀. 30 nínú 100 ni Apple àti Google ń yọ tẹ́lẹ̀. Ní 2021 ni wọ́n dín in sí 15 fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ta gàrí lọ́dọ̀ wa, MoMo ni wọ́n mọ̀, wọn ò ní káàdì báńkì tí wọ́n lè fi ra nǹkan nírú ọjà bẹ́ẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: dọ́là 25, bíi 15,000 fráǹkì, ni Google ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé áàpù sí ilé ìtajà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Ti Apple jẹ́ dọ́là 99 lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ fún yín pé ẹ san 200,000 kí òun lè forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Google tún ń fẹ́ kí ẹni tuntun wá ènìyàn 12, ó kéré tán, tí yóò máa dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 kó tó di ti gbogbo ayé. Àwọn ọ̀rẹ́ tó kà pẹ̀lú rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó o ṣe.

Ọ̀nà tí mo tọ́ka sí fún ẹ̀gbọ́n mi kò sí nínú ìtàn olówó kankan. Kí ọmọ náà wá ẹnì kan tí ìwé àkọsílẹ̀ ń dà láàmú, kó ṣe áàpù fún un, kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kó sì máa gba díẹ̀ lóṣooṣù láti máa tọ́jú rẹ̀. Alájọ wà tó ń gba àjọ kiri ọjà, tí òjò ti ba ìwé rẹ̀ jẹ́ rí. Ẹni tó ń ra kajú lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀ náà wà, tí wọ́n ń bá a jà lórí kílò àti gbèsè. Áàpù bẹ́ẹ̀ lè wọ orí fóònù Android wọn láìgba ilé ìtajà kankan kọjá, owó á sì gba MoMo wọlé. Bí alájọ 20 bá ń san 2,000 fráǹkì lóṣù, 40,000 nìyẹn.

Ó ní ìṣòro tirẹ̀ o. Wọ́n á pè é lóru tí nǹkan bá bàjẹ́, àwọn kan á sì jẹ ẹ́ lówó. Bí àkọsílẹ̀ owó àwọn ènìyàn bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n á máa pè lọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, ó ní òun ò ní ra kọ̀ǹpútà tuntun, àlòkù lòun máa rà. Ó ní ìwé kajú tòun fúnra òun, tó kún fún gbèsè tí kò yé ẹnikẹ́ni mọ́, ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ fi dánra wò, ó sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí kajú ọdún tó ń bọ̀ tó gbó.