Omi Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta: Bí Jet Ski Ṣe Ń Rìn àti Bí A Ṣe Ń Yan Tòkúnbọ̀ Rẹ̀ fún Odò

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta jet ski tòkúnbọ̀, agbára ẹṣin ni olùtajà máa kọ́kọ́ kà sí yín létí: 110, 180, 300. Ìyẹn lè tẹ́ ẹni tó fẹ́ fi ṣe fáàrí létí òkun lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ máa gùn ún lórí odò, tí yóò máa gba Májìdun wọ inú Odò Ògùn, tàbí tí yóò máa ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí ìhà ibi tí Odò Ọ̀ṣun ti ń wọ ọ̀sà, ojú mìíràn ló yẹ kó fi wò ó. Omi tó ń gba inú jet ski kọjá ni kó wò. Omi yẹn ló ń ti ọkọ̀ síwájú, òun ló ń darí rẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná jù. Bí ọ̀nà omi bá dí, iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, inú odò ni irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sì ti máa ń dí jù.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí gbogbo wa mọ̀ máa ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ìdí, fáànù rẹ̀ a sì máa yí ní gbangba nínú omi. Jet ski kò ní fáànù níta. Inú ikùn rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, lábẹ́ ìjókòó. Irin gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì yìí lọ sí ìdí ọkọ̀, ó ń yí fáànù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní impeller, inú ihò róbótó kan sì ni fáànù náà há sí. Ihò yẹn ṣí sí abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n to irin tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan sí ẹnu rẹ̀ kí òkúta ńlá má baà wọlé. Bí impeller bá ti ń yí, yóò fa omi láti abẹ́, yóò sì tì í sẹ́yìn. Omi náà á ṣì máa lọ́ bó ṣe ń bọ̀, àwọn irin mìíràn tí kì í yí á tọ́ ọ kó lè lọ tààrà, lẹ́yìn náà ni yóò gba ẹnu kan tó há ju inú ihò lọ jáde. Ẹni tó bá ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu họ́ọ̀sì nígbà tó ń fọ mọ́tò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: omi ò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń yára sí i. Bó ṣe ń tú jáde sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń gba iwájú lọ.

Odò gan-an ni ọgbọ́n yìí bá wá. Bill Hamilton, àgbẹ̀ kan tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní New Zealand, ló mú un wúlò ní àárín àwọn ọdún 1950, nítorí odò agbègbè Canterbury tó ń gbé kò jìn tó fún fáànù gbangba, òkúta ibẹ̀ a sì máa ṣẹ́ ẹ. Ní 1960, ọkọ̀ rẹ̀ gun Odò Colorado lòdì sí ìṣàn láàárín Grand Canyon ní Amẹ́ríkà. Jet ski jogún pọ́ọ̀ǹpù yẹn, ìyẹn impeller àti ihò rẹ̀, lẹ́yìn náà. Ilé-iṣẹ́ Bombardier ṣe Sea-Doo àkọ́kọ́ ní 1968, kò tà, wọ́n pa á tì títí di òpin àwọn ọdún 1980. Kawasaki ló gbé orúkọ Jet Ski wọ ọjà ní 1973. Àmọ́ ọmọ ò jọ baba tán. Adágún àti òkun ni àwọn tó ń ṣe jet ski fi sọ́kàn, wọ́n sì mú kí àlàfo tó wà láàárín impeller àti ògiri ihò rẹ̀ kéré gan-an, kò tó mìlímítà kan. Àlàfo kékeré yẹn ló ń fún un lágbára. Òun náà ni yanrìn odò ń jẹ.

Ti ìdarí ló sábà máa ń ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn ún lẹ́nu. Jet ski kò ní ìtọ́kọ̀ lẹ́yìn. Ọwọ́ tí ẹ ń yí níwájú ló ń yí ẹnu tí omi ń gbà jáde sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nítorí náà, bí omi kò bá jáde, kò sí ìdarí. Ká ní ọkọ̀ ọlọ́pọ́n apẹja kan yọ lójijì níbi kọ́nà odò, ẹ̀rù ba ẹni tó ń gùn, ó já ọwọ́ kúrò lórí ohun tó ń tẹ̀ fún eré, ó yí ọwọ́ ìdarí títí ó fi dé òpin, ọkọ̀ sì lọ tààrà ba apẹja. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó yí i, kó sì ṣì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ara ènìyàn kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kíkọ́ ni. Ní 2009, Sea-Doo gbé bíréèkì jáde tí wọ́n pè ní iBR: ìdérí kan á sọ̀ kalẹ̀ bo ẹnu ihò, á sì dá omi padà síwájú. Yamaha mú tirẹ̀, RiDE, dé ní 2015. Lórí òkun gbalasa, ẹ lè ní kò pọn dandan. Lórí odò tó há, tí ọkọ̀ àwọn apẹja kún, èmi yóò kúkú san owó lé e.

Iṣẹ́ kẹta ni mímú ẹ́ńjìnnì tutù, ibẹ̀ sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lára Yamaha àti Kawasaki, pọ́ọ̀ǹpù máa ń yọ díẹ̀ nínú omi odò, yóò tì í gba àyíká ẹ́ńjìnnì, yóò sì dà á nù. Ohunkóhun tó bá wà nínú odò yín, ẹrẹ̀ tàbí iyọ̀, á dé inú ẹ́ńjìnnì. Lára Sea-Doo tó ń lo ẹ́ńjìnnì Rotax four-stroke, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù kì í jáde, ó ní kúláǹtì tirẹ̀ bíi ti mọ́tò; irin pẹlẹbẹ kan tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ni odò fi ń gba ooru rẹ̀. Ọ̀nà èéfín nìkan ni omi odò ṣì ń tù lára. Fún odò ẹlẹ́rẹ̀, ti Sea-Doo dára jù níbi èyí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ owó. Ògiri tó yí impeller ká lára Sea-Doo, ike ni. Wọ́n ń pè é ní wear ring. Lára ọ̀pọ̀ Yamaha, irin ni. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ á tètè ha ike, agbára á sì dín kù. Ó dára o, torí ike yẹn kò wọ́n, wọ́n sì ṣe é kó lè ṣeé pààrọ̀. Irin tí òkúta bá ti ha jinlẹ̀, owó gidi ni yóò ná yín.

Kí ni ó wà nínú odò wa? Yanrìn, lákọ̀ọ́kọ́, pàápàá níbi tí àwọn tó ń wa yanrìn bá ti dá gbogbo ìsàlẹ̀ rú. Náílọ́ọ̀nù píọ́ wọ́tà. Okùn àti àwọ̀n tó já. Gẹdú tó já kúrò lára àwọn tí wọ́n so pọ̀ gba orí ọ̀sà lọ sí Òkòbàbà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, tó wá ń léfòó láìyọ orí. Àti water hyacinth, ewé olódòdó elésèé-àlùkò tó ń bo omi pátápátá nígbà òjò. Òun kọ́ ni ojú oró tàbí òṣíbàtà tí àwọn baba wa mọ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀, ní 1984 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ní ìhà Àgbádárìgì, tó ń gba ojú omi bọ̀ láti orílẹ̀-èdè Benin. Iyọ̀ ló ń pa á. Ìdí nìyẹn tó fi ń dín kù lórí ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi òkun bá wọlé.

Bí gbòǹgbò water hyacinth tàbí náílọ́ọ̀nù bá wé mọ́ impeller, ẹ ó mọ̀ ọ́n: ẹ́ńjìnnì á máa ké tantan, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ pa á, ẹ yọ okùn ọwọ́ tó ń pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí pọ́ọ̀ǹpù máa ń gbé ìdọ̀tí jù ni ìgbà tí ẹ bá ń gbéra nínú omi tí kò jìn. Ìwé Sea-Doo ní kí omi tó 90 sẹ̀ǹtímítà lábẹ́ ọkọ̀; Yamaha ní 60. Ẹni tó bá tanná sí i ní etí bèbè, tó tẹ̀ ẹ́ tó sì fi yanrìn bọ́ impeller, pọ́ọ̀ǹpù tirẹ̀ ló ń lọ̀. Ẹ fi ọwọ́ tì í dé ibi tó jìn.

Nígbà tí ẹ bá wá dé iwájú èyí tí ẹ fẹ́ rà, ẹ gbàgbé ìjókòó àti ọ̀dà rẹ̀. Ẹ gba tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ àti ẹnu ẹ̀yìn. Etí impeller gbọ́dọ̀ mú, kó gún régé. Èyí tó ti ya tàbí tó ti ká ti jẹ òkúta. Ẹ wo bóyá ògiri tó yí i ká ní ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá funfun bíi ti mílíìkì, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ má bá wọn dúnàádúrà mọ́. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì, kó wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Lára ẹ́ńjìnnì two-stroke tó ṣì le, ó sábà máa ń wà láàárín 120 sí 150 psi. Ṣùgbọ́n kí àwọn sìlíńdà súnmọ́ ara wọn ṣe pàtàkì ju iye náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, nǹkan wà níbẹ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún olùtajà tó fẹ́ràn láti máa fi ariwo ẹ́ńjìnnì wú yín lórí níbi tí kò sí omi. Níbi tí irin gígùn ti gba ara ọkọ̀ jáde, Sea-Doo fi òrùka káábọ́ọ̀nù dí i, omi ló sì ń tù ú. Bí kò bá sí omi, ó ń jóná nìyẹn, tó bá sì jẹ tán, odò á máa wọ ikùn ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gùn ún dánwò, ẹ ṣí ìjókòó, ẹ wo bóyá omi ti kó sí ìsàlẹ̀.

Ti tòkúnbọ̀ tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ohun tó bá ti Florida wá ti gbé nínú iyọ̀. Ẹ wá ìpẹtà sára bóòtù, sára wáyà, sára ohun tó di ẹ́ńjìnnì mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé èyí tó ti adágún apá àríwá wá, bíi Michigan tàbí Minnesota, ló mọ́ jù. Òótọ́ ni pé kò mọ iyọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ yìnyín. Bí ẹni tó ni ín kò bá fa omi inú rẹ̀ tán kí òtútù tó dé, omi náà á dì, á wú, á sì la ara ẹ́ńjìnnì. Ibi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì tó dà bíi mílíìkì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 lápapọ̀ ló jẹ́ lára èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, méjì tó kẹ́yìn ló sì ń sọ ọdún rẹ̀. Wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń kà á, BUDS fún Sea-Doo, YDS fún Yamaha. Mẹkáníìkì tó bá ní in, ẹ bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

Èwo ni kí ẹ wá rà? Ẹ yẹra fún èyí tó ní supercharger, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn Sea-Doo alágbára àwọn ọdún 2000 ní wáṣà sẹ̀rámíìkì nínú tiwọn tó lè fọ́, tí àfọ́kù rẹ̀ á sì rọ̀jò sínú ẹ́ńjìnnì. Bí wọn kò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀ sí irin, àdó olóró ni. Two-stroke àtijọ́ ń jẹ epo, ó sì máa ń kú láìkìlọ̀ bó bá gbóná. Fún odò, Yamaha VX tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 2005, alágbára ẹṣin 110, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1052 cc, ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ń gbé èrò, bó tilẹ̀ wúwo ju 300 kìlógíráàmù lọ. Bí ènìyàn kan tàbí méjì ni yóò máa gùn ún, tí ẹ sì ń fi ọwọ́ tì í gòkè bèbè, Sea-Doo Spark láti 2014 kò wúwo tó 200 kìlógíráàmù, alágbára ẹṣin 90 rẹ̀ sì tó.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ fi omi tó mọ́ fọ inú rẹ̀ lẹ́yìn ìgùn kọ̀ọ̀kan: ẹ tanná sí ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ sì ti omi kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, kí omi má baà gba ọ̀nà èéfín wọlé. Ẹ ya owó wear ring, bátìrì àti ọ́ìlì sọ́tọ̀ kí ẹ tó dá iye tí ẹ máa san. Kí ẹ sì ra life jacket tó bá ara yín mu ṣáájú jet ski. Ní Èkó, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni wà lórí omi láìwọ̀ ọ́.