Ẹni tí ó Gba Epo Sílẹ̀: Òfin Dídí Ọ̀nà Òwò àti Ọ̀ràn Ròdéṣíà

Dídí ọ̀nà òwò mọ́ ọ̀tá kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà ogun Kírìjì, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ojú ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, kí ìbọn àti ẹ̀tù má baà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Láyé òde òní, ìwé òfin ni a fi ń dí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, oníṣòwò ni òfin náà sì ń bá wí jù.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba ni ti Ròdéṣíà, tí ń jẹ́ Sìmbábúwè lónìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 1965, àwọn aláwọ̀ funfun tí Ian Smith ṣe olórí wọn kéde òmìnira láìgba àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, kí ìjọba má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 1966, àwọn olórí ilẹ̀ Kọmọ́nwẹ́ẹ̀lì péjọ sí Èkó, Abubakar Tafawa Balewa ni alága. Níbẹ̀ ni Harold Wilson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti fọwọ́ sọ̀yà pé dídí ọ̀nà òwò lè parí ọ̀tẹ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó di ìparí 1979 kí ó tó parí.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ní oṣù kejìlá 1966, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fòfin de epo, ohun ìjà àti àwọn ọjà mìíràn. Ní 1968 òfin náà gbòòrò dé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọjà. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ èbúté Beira láti 1966 títí di 1975. Ṣùgbọ́n èbúté Lourenço Marques, tí í ṣe Maputo lónìí, ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé epo gba ibẹ̀ wọ Ròdéṣíà. Tábà àti kúróòmù náà ń jáde pẹ̀lú ìwé irọ́ pé ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti wá.

Ní 1978, ìwádìí tí Thomas Bingham ṣe fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí náà. Àwọn ẹ̀ka Shell àti BP ní ìhà gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní 1968, wọ́n bá Total ṣe pàṣípààrọ̀: Total yóò fi epo tirẹ̀ fún àwọn oníbàárà Ròdéṣíà, Shell àti BP yóò sì san iye kan náà padà fún un ní South Africa. Lórí ìwé, ọwọ́ wọn mọ́. Síbẹ̀ epo ń dé. A kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ẹjọ́. Àmọ́ àwọn àgbà ti wí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Ní 1979, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ìpín BP nínú iṣẹ́ epo Nàìjíríà, nítorí ìbẹ̀rù pé irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò mú epo dé ọwọ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti South Africa.

Nínú èyí ni a ti rí ohun tí òfin ń bèèrè lọ́wọ́ oníṣòwò lónìí. Kò tó kí ó mọ ẹni tí ó sanwó. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọjà náà lè ṣe, nítorí ẹ̀rọ tí ó wúlò fún oko lè wúlò fún ogun. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò lò ó gan-an, ilẹ̀ tí yóò gúnlẹ̀ sí níkẹyìn, àti ohun tí wọn yóò fi ṣe. Bí ó bá yẹ kí ó gba ìwé àṣẹ, kí ó gbà á kí ọjà tó kúrò ní èbúté, kí ó sì tọ́jú gbogbo ìwé rẹ̀. Bí oníbàárà bá kọ̀ láti dáhùn, tàbí tí ó yan ọ̀nà tí ó yí ká láìnídìí, kí ó dáwọ́ dúró.

Sìmbábúwè gba òmìnira ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1980. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀mí ti bá ogun lọ, epo tí ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé sì wà lára ohun tí ó gbé ogun náà ró.