Owó Ìpẹ̀jọ́ Lórí Ọ̀ràn Owó Orí: Ẹnu Ọ̀nà Méjì ní Amẹ́ríkà

Bí owó orí tí wọ́n bù lé ènìyàn bá ga ju bí ó ti yẹ lọ, owó kóòtù ni ó máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù bà á. Yóò rò pé bí gbèsè náà bá ti pọ̀ tó ni owó ìpẹ̀jọ́ yóò ti pọ̀ tó. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó ń ṣòwò ní Amẹ́ríkà, mo fẹ́ ṣe àlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ti rí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ àti epo pupa ní ìlú Houston ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀ fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí i pé owó orí tí ó san fi 9,000 dọ́là dín. Ìyá yìí sì mọ̀ pé wọ́n ti ka owó tí ó fi ra ọjà mọ́ èrè rẹ̀. Kóòtù wo ni kí ó lọ?

Ẹnu ọ̀nà kìíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní Tax Court. 60 dọ́là ni owó ìpẹ̀jọ́ níbẹ̀, òfin kò sì gbà kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n ń béèrè 900 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀ yóò san 60. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè 9,000,000 lọ́wọ́ rẹ̀, 60 náà ni. Aláìní lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n fojú fo owó náà. Èyí tí ó dára jù ni pé ìyá wa kò ní san 9,000 náà kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n 90 ọjọ́ péré ni ó ní, láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé àṣẹ náà ránṣẹ́, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ òkè òkun, bí Ìbàdàn níhìn-ín, ni wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí, yóò di 150 ọjọ́.

Ẹnu ọ̀nà kejì ni District Court. Owó ìpẹ̀jọ́ ibẹ̀ jẹ́ 405 dọ́là: 350 tí òfin là sílẹ̀, àti 55 fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Òun náà kì í ga sí i nítorí pé gbèsè pọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. Ní 1960, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Flora, wọ́n ní kí ọkùnrin kan san 28,908.60 dọ́là pẹ̀lú èlé rẹ̀. Ó san 5,058.54, ó sì pẹjọ́ láti gbà á padà. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé ó gbọ́dọ̀ san gbogbo rẹ̀ tán ná. Nítorí náà, kí ìyá wa tó fẹsẹ̀ kan kóòtù yìí, 9,405 dọ́là yóò ti jáde lápò rẹ̀, yóò sì ti kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn agbowó orí.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó ń ṣe bí Amẹ́ríkà. Ní Kòríà ti Gúúsù, ìdá kan nínú mẹ́ta owó orí tí ènìyàn ń bá wọn jà lé lórí ni wọ́n fi ń ṣírò owó kóòtù. Bí owó orí bá jẹ́ 30,000,000 wọ́ọ̀nù, ẹni tí ó fi bébà pẹjọ́ yóò san 50,000. Bí ó bá jẹ́ 60,000,000, yóò san 95,000.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ má béèrè iye tí kóòtù ń gbà nìkan. Ẹ béèrè ohun tí a gbọ́dọ̀ san kí a tó débẹ̀, àti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò tì. Owó lọ́yà yàtọ̀, èlé sì ń gùn lórí gbèsè nígbà tí ẹjọ́ ń lọ. Bí iye tí ó wà nínú àríyànjiyàn kò bá ju 50,000 dọ́là lọ fún ọdún kan, Tax Court lè gbọ́ ọ ní ọ̀nà ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n kò sí pé à ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fi ẹjọ́ asán fi àkókò ṣòfò níbẹ̀ lè san ìtanràn tó 25,000 dọ́là.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí owó oníbodè rẹ̀ kéré ni èrè yóò kù sí lọ́wọ́.