Kí Ló Ń Sọ Ara Di Arúgbó?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá wa ní ọmọ jòjòló, tí ó sì ń sọ wa di arúgbó. Àwọn ọmọ kéú wa a máa bi wá léèrè pé: kí ló dé tí ọgbẹ́ bàbá àgbà kì í tètè jinná?

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara. Ó ń pín sí méjì láti rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ní ọdún 1961, Leonard Hayflick àti Paul Moorhead ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn bá pín tó nǹkan bí ìgbà 50, ó ń dúró. Ìdí kan ni pé etí okùn àbùdá inú rẹ̀ dà bí ìgbátí aṣọ: bí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín ni ó ń jẹ. Púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó dúró kì í kú. Wọ́n ń tú oje tí ń yọ aládùúgbò wọn lẹ́nu.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí á wá ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó yọ ogbó sílẹ̀ nínú àrùn tí ó ní oògùn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́ ìmọ̀ yìí, kí á sì ṣọ́ra fún ẹni tí ń ta àgúnmu asọnidọ̀dọ́. Bí òbí yín bá rìn jẹ́jẹ́, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ dúró dè é. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń tọ̀. Ọlọ́hun kí ó fi wá ṣe ọmọ rere. Àmín.